Ìlú Tí Oòrùn Kì í Wọ̀

Iṣẹ́ tèmi ní rédíò ni pé kí n máa ròyìn àwọn ìlú tí mi ò dé rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe é ní Ọ̀fà níbí, láràárọ̀, lórí ètò kan tí à ń pè ní Ilé Ayé Fẹ̀. Èmi tí mi ò tíì kọjá Kútọnu, èmi ni mò ń júwe erékùṣù tí ológbò ti pọ̀ ju èèyàn lọ àti ilé tí wọ́n fi yìnyín kọ́. Lọ́jọ́ tí mo sọ ti ilé yìnyín, baba onílé kan pè wá láti Ojoku. Ó ní bí ilé bá yọ́, ṣé onílé ni yóò tún un kọ́ ni àbí ayálégbé? Mo ní màá wádìí. Mi ò tíì rí ẹni bi.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní òfin kan ṣoṣo. Ó ní ibi yòówù kí n mú àwọn èèyàn dé, kí n sọ ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ kí n tó mú wọn padà wálé. Ó ní òkè àti odò kò kan ará ilé, oúnjẹ ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Mo pa òfin yìí mọ́ títí di ọdún kan tí àwẹ̀ Ràmàdáànì bọ́ sí àsìkò òjò.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òkè àríwá Nọ́wè ni mo gbé wọn lọ, níbi tí oòrùn kì í wọ̀ rárá nígbà ooru wọn. Mo ní àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù nínú oòrùn ní ọ̀gànjọ́. Àkókò mi pé kí n tó dé orí oúnjẹ, mo dágbére, mo lọ sílé mi.

Nígbà tí mo dé iléeṣẹ́ rédíò lọ́jọ́ kejì, Alhaja Rámátù ti jókòó dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ìkòkò àti abọ́ ló ń tà ní Ọjà Ọwọ́dé, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ètè rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró tì í, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo so oòrùn mọ́kè.

Alhaja ní, "Bọ̀ọ̀dá Rédíò, Làtíìfù ọmọ mi wà ní Nọ́wè tí ẹ sọ yẹn, lókè pátápátá, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ẹja. Bí oòrùn ò bá wọ̀, ìgbà wo ló ń ṣínu?"

Kristẹni ni mí, ọmọ Èkìtì. Ohun tí mo mọ̀ nípa àwẹ̀ kò ju àkàrà àti kókó tí àwọn aládùúgbò máa ń bù fún mi lọ.

Ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé láti ìgbà tí màmá àwọn ti gbọ́ ètò mi, omi díẹ̀ ni wọ́n fi ṣínu, wọn ò fẹnu kan oúnjẹ. Òun gbé sààrì síwájú wọn, wọ́n tì í sẹ́yìn. Wọ́n ní ìyá kì í yó kí ebi máa pa ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń yọ wọ́n lẹ́nu, oògùn wọn kò ṣe é lò lórí ikùn òfìfo. Fóònù Làtíìfù sì nìyí, kò wọlé láti bí ọjọ́ mélòó kan. Bí nǹkan bá ṣe Alhaja, ẹnu mi ló pa á.

Mo ránṣẹ́ pe alfa àdúgbò wa. Alfa fara balẹ̀, ó ní àwọn onímọ̀ ti yanjú ẹ̀ tipẹ́: ẹni tó bá wà nírú ìlú bẹ́ẹ̀ lè máa tẹ̀lé aago Mẹ́kà, tàbí ti ìlú tó sún mọ́ ọn jù tí oòrùn ti ń wọ̀. Inú mi dùn. Alhaja kò yí ojú padà.

Ó ní, "Ó dáa, Alfa. Ṣé Làtíìfù náà mọ̀? Olórí kunkun ni. Oòrùn ni yóò jókòó máa wò."

Ó ní òun ò kúrò níbẹ̀ àfi tí òun bá gbóhùn rẹ̀. Mo wọlé lọ síbi máíkì. Orílẹ̀-èdè míì ni mo fẹ́ ròyìn lọ́jọ́ náà, mo pa á tì. Mo ní, "Làtíìfù, ọmọ Alhaja Rámátù oníkòkò, tó wà ní Nọ́wè: jẹun. Lẹ́yìn náà kí o pe ìyá rẹ." Mo ń tún un sọ lẹ́yìn gbogbo ìpolówó ọjà. Àwọn èèyàn gbà á sórí fóònù, wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri, nítorí kò síbi tí ọmọ Ọ̀fà kò sí. Ọkùnrin kan tiẹ̀ pè láti Ẹ̀rìn-Ilé, tí àwa àti wọn jọ ń jà sí ilẹ̀, pé àna òun wà ní Súwídìn tó múlé gbe Nọ́wè, yóò bá wa wá a. Ó ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ebi lọ́tọ̀.

Nírọ̀lẹ́, fóònù wa dún. Làtíìfù ni. Mo gbé ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ní inú òkun ni fóònù òun jábọ́ sí, ti ọ̀rẹ́ òun tó rí ìkéde wa gbà ni òun fi ń pè. Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun. Aago Mẹ́kà ni gbogbo wa fi ń ṣínu níbí. Mò ń jẹun dáadáa."

Alhaja nu ojú.

"Mẹ́kà? Ta lo ní ní Mẹ́kà?"

Gbogbo wa yíjú sí Alfa, tí kò tíì lọ. Alfa wo ojú Alhaja, ó wo ilẹ̀, ó ní àwọn onímọ̀ kan wà tí wọ́n gbà kí èèyàn tẹ̀lé aago ìlú tó ti wá.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn títí àwẹ̀ fi parí. Bí ó bá ti kù díẹ̀ kí ládàánì pe ìrun, Làtíìfù á pe ìyá rẹ̀, Alhaja á sì na fóònù sí ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Bí ìpè bá ti wọlé sí wọn létí, àwọn méjèèjì á jọ jẹun, èyí nínú òkùnkùn, èyí nínú oòrùn. Mo lọ wò ó lójú ara mi lọ́jọ́ kan, wọ́n sì bù fún mi.

Kí Làtíìfù tó sọ fóònù kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo bi í ní ìbéèrè tí ọ̀gá mi kọ́ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo parí ìròyìn Nọ́wè lórí afẹ́fẹ́. Mo ní pánlá ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, Ọ̀fà ni wọ́n sì ti ń pe ìrun fún wọn.