Ṣòkòtò Ìyá Onílé

Ọkọ mi kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ Yorùbá tó ń sọ jinlẹ̀ ju tèmi lọ. Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ni wọ́n ti bí i. Lójú ìwé, àjèjì ni káfíńtà tí mo fẹ́, àfi tó bá gba ìwé ìgbélùú gbére tí á fi máa bá èmi àti ọmọ wa gbé ní Àbújá láìfòyà.

Oṣù mẹ́rìnlá la fi retí ìwé yẹn, èmi tí n kì í ní sùúrù kí omi hó dáadáa kí n tó da gààrí sí i! Òṣìṣẹ́ ìjọba ni èmi náà. Mo mọ bí fáìlì ṣe ń sùn lórí tábìlì, mo sì ti tẹ́ ibùsùn fún fáìlì ẹlòmíì rí, nítorí náà kò yẹ kí n bú ẹnikẹ́ni. Mo bú wọn ṣá, nínú ọkọ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Ọkọ mi á kàn rẹ́rìn-ín, á ní kí n fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé onígbà díẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa tán ní ìparí oṣù. Bí tuntun kò bá dé, á padà sí Kétu, á sì tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta.

Inú ọgbà kan ní Kabusa là ń gbé. Ìyá onílé wa, ọmọ Ọ̀ṣun, ń gbé iwájú, máígádì tó wá láti Katsina sì ń ṣọ́ géètì. “Ará Kútọnu” ni Màmá máa ń pe ọkọ mi. Ó ti ṣàlàyé títí pé Kétu kì í ṣe Kútọnu, wọn ò gbà.

“Gbogbo yín kúkú ń jẹ búrẹ́dì gígùn,” ni wọ́n máa ń wí.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá Màmá àti máígádì níwájú géètì, inú wọn ń dùn ṣìnkìn.

“Ìyàwó, káàbọ̀,” ni Màmá wí. “Mo gba ọkọ ẹ sílẹ̀ lónìí. Ọkùnrin kan gbé fáìlì wá, ó ń bèèrè rẹ̀.”

Mo sún mọ́ wọn. “Kí lẹ sọ fún un, Màmá?”

Máígádì gbà á lẹ́nu wọn. “Kai! Mo ní babu, kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbí.”

“Ó wá nawọ́ sí ṣòkòtò tó wà lórí okùn aṣọ,” ni Màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Ó ní ta ló ni ín. Mo ní èmi ni. Ó ní, ‘Màmá, ẹ̀yin lẹ ń wọ ṣòkòtò?’ Mo ní bí òtútù bá mú mi, ṣé ìwọ lo máa wá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò mí ni?”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Wọ́n ti sọ fún wa pé ọ́fíìsà kan láti iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìwé ìgbélùú máa wá wò ó bóyá lóòótọ́ là ń gbé pọ̀. Èmi ni mi ò sọ fún Màmá, nítorí ojú ń tì mí kí ará ilé mọ̀ pé ìwé ọkọ mi kò tíì pé. Síbẹ̀ mo bínú, mo sì sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ sí àgbà. Ojú Màmá rẹ̀ wálẹ̀.

“Mo rò pé ẹni tó fẹ́ mú un lọ ni,” ni wọ́n wí.

Nígbà tí ọkọ mi dé tó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá, ó gbé ọmọ wa lé ẹsẹ̀, kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá wọ léèsì tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fa máígádì lọ́wọ́, ó di ọ́fíìsì iléeṣẹ́ náà. Bí ọ́fíìsà yẹn ṣe rí wọn, ó pariwo, “Màmá oníṣòkòtò!”

“Irọ́ ni mo pa,” ni Màmá wí. “Ọdún mẹ́rin ló ti ń gbé lọ́dọ̀ mi. Òun ló kan bẹ́ẹ̀dì tí mo ń sùn lé. Òun ló gbé mi lọ sí ọsibítù nígbà tí ẹsẹ̀ mi wú. Bí ẹ bá ní kó máa lọ, ta ni kí n máa pè?”

Ọ́fíìsà náà kọ̀wé fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun á tún wá, kí Màmá jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun wọlé. Ó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá sì fi gbogbo ilé hàn án, títí kan abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù parí ni lẹ́tà dé. A ò sí nílé, Màmá ló buwọ́ lùwé gbà á. Ìjọba ti fọwọ́ sí ìwé ọkọ mi! Mo ń jó nínú ọgbà nígbà tí ojú mi bọ́ sórí ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi gbà á. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ohun tí ẹni tó gbà á jẹ́ sí ẹni tó ni ín, Màmá ti fi lẹ́tà gàdàgbà, wíwọ́, kọ ọ́: ÌYÁ RẸ̀.

Mo bú sẹ́kún. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, kò fẹ́ dìde.

“Dìde jàre, Ará Kútọnu,” ni Màmá wí. “Ilẹ̀kùn kíṣìnnì mi ti ń dún láti àná.”