Ife Wáìnì Tí Àwa Méjì Jọ Ń Mu

Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí pé, "Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé wáìnì díẹ̀ lójoojúmọ́ kì í pa àgbàlagbà lára?" Èmi kì í tètè dá wọn lóhùn. Bí mo bá ní ó ń pani lára, irọ́ lè wà níbẹ̀. Bí mo bá ní kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan, irọ́ ibẹ̀ lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ohun tí ojú mi rí ní Ìbà àti Igbó-Elérin, láàárín ọdún márùn-ún kan báyìí, nígbà tí mo ti lé díẹ̀ lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ìyẹn ni màá sọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tán, kó fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n wò.

Rédíò ni mo fi jẹun láyé mi. Nígbà tí Ọjà Àlàbá ṣì jẹ́ ẹrẹ̀ àti páànù, mo ti ní ìsọ̀ níbẹ̀ tí mo ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ojú ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo kó irin iṣẹ́ wá sí Ẹ̀sítéètì Ìbà, níbi tí èmi àti ìyá ilé mi ń gbé, mo gbé tábìlì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo sì ń tún ti àwọn aládùúgbò ṣe níbẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ẹni tó ni ìsọ̀ tí mo lò ní Àlàbá ni ọ̀rẹ́ tí èmi àti òun jọ mu wáìnì náà. Ọmọ bíbí Ọ̀jọ́ ni, ó sì fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, òun ń pè mí ní Onírédíò. Nígbà tí mo kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ wa ti parí nìyẹn, bí ti onílé àti ayálégbé. Kò parí. Kò pé oṣù méjì tó fi ránṣẹ́ sí mi, ó ní ṣé torí pé n kò gba ìsọ̀ òun mọ́ ni n kò fi mọ ọ̀nà ilé òun mọ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kí i ní Igbó-Elérin nìyẹn.

Ilé ńlá ni ilé náà, ṣùgbọ́n òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù níbẹ̀. Àwọn ọmọ ti lọ sókè òkun. Àwọn tó gba ìsọ̀ rẹ̀ ní Àlàbá, ọmọ Ìgbò ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ń kó ọjà wá láti ìlú òyìnbó. Bí Kérésìmesì bá dé, wọn kì í mú adìyẹ wá fún onílé, wáìnì ni, páálí lórí páálí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá Ẹ̀gbọ́n kún fún un. Ọ̀kan nínú wọn ló sọ fún un pé ife wáìnì pupa kan lójúmọ́ ni àwọn arúgbó òyìnbó fi ń gbé ọkàn wọn ró.

"Onírédíò," ó ní, "èyí kì í ṣe ọtí àmupara. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ni. Ife kan, kò gbọdọ̀ di méjì. Ẹni tó bá mu méjì, ọ̀mùtí. Ẹni tó bá mu ọ̀kan, ọlọ́gbọ́n."

"Ẹni tí kò bá mu rárá ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ìyẹn ni ìyàwó rẹ."

A rẹ́rìn-ín títí. Ìyá ilé mi kò fẹ́ràn kí ọtí kan èèyàn lẹ́nu rárá, gbogbo wa la mọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti kírun áṣárì tán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, mo máa ń ti dé. Màá rìn jáde láti Ẹ̀sítéètì, màá wọkọ̀ lọ sí Òkòkòmáikò, màá fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Àga méjì ti ń dúró dè wá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àpótí ìjókòó kan láàárín wọn, títì níwájú wa.

Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ẹni tó bá gbé nǹkan mímu fún àlejò ní láti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò fi ìyẹn ṣeré. Á ṣí ìgò lójú mi, á da ìwọ̀nba tó lè rin ahọ́n sẹ́nu, á mi orí, á ní, "Ó dáa," kó tó bu tèmi fún mi. Tirẹ̀, nígbà tó yá, inú ilé ló wá ń lọ bù ú. Ó ní òun fẹ́ kí tòun tutù. Á jáde pẹ̀lú ife tirẹ̀, pupa bíi tèmi, yìnyín á máa dún wọnranwọnran nínú rẹ̀. N kò rí nǹkan kan nínú ìyẹn. Ẹni tó ti tọ́ ọtí wò níwájú rẹ, kí lo tún fẹ́ bi í?

N kò ní parọ́, ó dùn mọ́ mi. Wáìnì yẹn máa ń korò díẹ̀ lẹ́nu bí orógbó, lẹ́yìn náà á wá ṣe lọ́wọ́ọ́wọ́ láyà. Ọ̀rọ̀ á dùn lẹ́nu wa. A ó sọ ti àwọn tó ti kú, a ó bú àwọn tó wà láàyè. Mo máa ń délé kí ilẹ̀ tó ṣú, oorun á sì gbé mi lọ wọ̀ọ̀.

Nígbà tó di ọdún kẹta, oorun kò dúró tì mí mọ́. Ó ń tètè gbé mi, ó sì ń tètè já mi sílẹ̀, àyà mi á máa lù kìkì. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ló tẹ̀ lé e. Irin tí a fi ń yọ́ léèdì sórí wáyà kò fẹ́ ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Mo jó ibi tí kò yẹ kí n jó nínú rédíò ìyá kan ní òpópónà wa, mo ní kó fún mi láàyè, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe iṣẹ́ wákàtí kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ní ọdún karùn-ún, mo ṣubú ní balùwẹ̀.

Ìyá ilé mi dúró lórí mi bó ti ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ mí níbàdí. "Bàbá wọn, ife yẹn ni."

"Ife kan ṣoṣo?"

"Ife kan lójúmọ́. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ ẹ wò ó, ṣé kò ní kún àgbá?"

"Wo Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí. "Wọ́n jù mí lọ. Inú ìgò kan náà la ti ń mu. Ṣé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n? Ṣé wọ́n ti ṣubú ní balùwẹ̀ rí?"

Bí mo ṣe wọn ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ara tèmi ní apá kan, ara Ẹ̀gbọ́n ní apá kejì. Ti Ẹ̀gbọ́n ló sì ń tẹ̀wọ̀n jù nígbà gbogbo. Bó ṣe rí nànàró yẹn ni ẹ̀rí tí mo ní.

Ìyá ilé mi fi ẹkún lé mi dé ilé ìwòsàn. Dókítà tó rí mi, obìnrin ni, àbígbẹ̀yìn mi lè jù ú lọ. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó tún un wọ̀n. Ó bi mí ohun tí mò ń mu. Mo ní ife wáìnì kan.

"Bàbá, ife wo?"

Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ife tó tóbi tó yìí kì í ṣe ọ̀kan, Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ yín ti ru sókè. Ohun tí ara ogójì ọdún ń tètè gbé kúrò, ó ń pẹ́ nínú ara ọgọ́ta. Oògùn tí mo sì fẹ́ fún yín yìí, òun àti wáìnì kì í ṣe ọ̀rẹ́. Mi ò sọ pé wáìnì ló fa gbogbo rẹ̀ o. Ẹ fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ká wò ó."

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, mo mọ̀. Mo kó oògùn náà sápò, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì mo gba Igbó-Elérin lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n, láìyọ ọ̀kan kúrò. Ó tẹjú mọ́ ìgò tó wà níwájú wa. Mo rò pé ó ń káàánú mi ni. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín.

"Dókítà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú! Onírédíò, bátìrì rẹ ló fẹ́ kú, kì í ṣe wáìnì. Àìrìn tó ni. Wo èmi." Ó fi ọwọ́ lu àyà rẹ̀ gbì. "Wò mí dáadáa."

Mo wò ó dáadáa. Mo sì mu ife mi tán. Nígbà tí dókítà ti ní oògùn àti wáìnì kì í ṣe ọ̀rẹ́, mo ní kí ọ̀kan yàgò fún èkejì. Mo ti oògùn sísàlẹ̀ àpótí irin iṣẹ́ mi, mo sọ fún ìyá ilé mi pé mò ń lò ó. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, iná kò sí láti àná, yìnyín kò sí nílé Ẹ̀gbọ́n. Ó bu tirẹ̀ jáde bẹ́ẹ̀, ó gbé e sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. A kò tíì fẹnu kàn án tí òjò fi dé, òjò tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Mo gbé àpótí sẹ́yìn, mo fa àga, mo sáré gbé ife méjèèjì kúrò lójú omi. Ẹ̀gbọ́n sáré wọlé lọ ti fèrèsé. Mo jókòó, mo mú ife kan, mo mu ún.

Atalẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn mí lẹ́nu. Lẹ́yìn rẹ̀, kànáfùrù. Mo rò pé wáìnì náà ti bàjẹ́ ni. Mo mú ife kejì, mo tọ́ ọ wò: wáìnì ni. Mo padà sí ti àkọ́kọ́. Omi ìṣápá ni, èyí tí àwọn ará Òkè Ọya ń pè ní sóbò.

Ẹ̀gbọ́n jáde, ó ń fi aṣọ nu orí. Ó bá mi pẹ̀lú ife kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Ó dúró síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà wo?"

Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Kó tó pé ọdún kan tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn wú nígbà yẹn, dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án mọ́. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n sọ fún yín. Mo sọ ọ́ títí."

"Ìyá, ẹ wọlé," Ẹ̀gbọ́n wí. Kò wọlé.

"Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin," ni mo wí.

"Ká ní mo sọ fún ọ, ṣé wàá máa wá?"

"Màá máa wá."

"O ò ní wá. Ọkùnrin méjì kì í jókòó lásán kí wọ́n máa wo títì. Ta ni mo ní? Àwọn ayálégbé, 'Láńlọ́ọ̀dù, ẹ káàsán,' ó tán. Ìwọ nìkan ló ń jókòó."

"Ìyẹn yé mi, Ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ tí mo mú ọ̀rọ̀ dókítà wá fún yín ńkọ́? Ẹ ní kí n wò yín. Mo wò yín."

Òjò ń lu páànù. Ó wo ilẹ̀. "Mo rò pé ara tìrẹ gbà á ni."

"Ẹ ò rí ọwọ́ mi?"

"Mo rí i," ó wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

Mo gbé ife méjèèjì kalẹ̀, mo sì wọ inú òjò.

Mo lo oògùn mi. N kò mu wáìnì mọ́. Nínú oṣù kejì, oorun padà wá. Ọwọ́ náà rọ̀, ṣùgbọ́n kò padà sí bó ṣe wà, n kò sì tún lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ láti ìgbà náà. Mo bi dókítà bóyá wáìnì ló jẹ ọwọ́ mi. Ó ní ó lè jẹ́ wáìnì, ó lè jẹ́ oṣù méjì tí mo fi kọ oògùn, ó lè jẹ́ ọjọ́ orí. Mo mọrírì rẹ̀ pé kò parọ́ fún mi. Bí mo bá jókòó tí mo rò ó, wáìnì kọ́ ló tàn mí. Ohun tó jẹ́ ni wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n wá bá mi ní Ìbà. Ó ní ọkọ òun ti ń dá nìkan sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. A ń jókòó, a ń sọ̀rọ̀, nígbà mìíràn a tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n kì í jẹ, n kì í mu, nínú ilé náà.

Ọjọ́ kan oòrùn mú gan-an, mo sì ti fi ẹsẹ̀ rìn láti Òkòkòmáikò. Ẹ̀gbọ́n bu omi wá fún mi fúnra rẹ̀, ó dúró níwájú mi, ó na ife sí mi.

"Onírédíò, omi lásán ni. Omi kànga ẹ̀yìnkùlé wa. Ìwọ náà mọ kànga náà."

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti mu kí n tó kúrò nílé."

Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ fi ro ó, kó tó gbé ife náà kalẹ̀. Àwa méjèèjì kọjú sí títì. Òùngbẹ ń gbẹ mí débi pé ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, n kò sì wo apá ibi tí omi náà wà títí mo fi dìde pé mò ń lọ.