Jẹ́sì Tí Mo Fọ̀

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní yunifásítì kan, àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sá bí ẹni jí ewúrẹ́, ni mo rí jẹ́sì àtijọ́ kan lára ògiri ọ́fíìsì kóòṣì. Ẹrẹ̀ gbígbẹ bò ó látòkè délẹ̀. Ojú tì mí fún wọn. Ṣé èmi wà níbẹ̀, àlejò á máa wọlé bá ẹrẹ̀? Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo fi ọṣẹ gbo ó, mo lọ̀ ọ́, mo sì gbé e padà.

Kóòṣì wọlé, ó kígbe bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ó ní ẹrẹ̀ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ náà gba ife àkọ́kọ́ ni mo fọ̀ dànù, pé ìtàn wọn ni. Inú bí èmi náà tí mo wọ bọ́ọ̀sì méjì láti Malton, àdúgbò tí mò ń gbé, nínú yìnyín. Ìtàn wo ni kò ṣeé fọ̀?

Ó ránṣẹ́ pe bàbá arúgbó tó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ti ń múra àtikúnlẹ̀. Bàbá dé, wọ́n gbóòórùn aṣọ náà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Ìyàwó mi bẹ̀ mí títí ó fi kú pé kí n jẹ́ kí òun fọ aṣọ yìí. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ fi hàn án níbi ibojì rẹ̀."