Mallye Kò Kúrò Nílé

Alápàáńdẹ̀dẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ìtẹ́ wọn ṣófo lábẹ́ òrùlé Mallye, ẹrẹ̀ gbígbẹ sì ń já bọ́ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn kòkòrò tó máa ń han lórí igi látàárọ̀ dalẹ́ nígbà ooru panu mọ́, ìrẹ̀ gba ohùn lẹ́nu wọn. Lámilámi pupa bo ojú oko ìrẹsì. Ìrì àárọ̀ wá ń tutù débi pé ó ń ta èèyàn lẹ́sẹ̀.

Mallye, opó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, mọ ohun tó kàn. Gitae ọmọ rẹ̀ ò ní í pẹ́ fi mọ́tò gòkè wá láti Seoul. Látìgbà tí ìyá náà ti ṣubú lórí yìnyín, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sán, ni Gitae ti fàáké kọ́rí pé ìyá òun kò ní í dá gbé orí òkè nígbà òtútù mọ́. Lọ́dún tó kọjá, Mallye tẹ̀ lé e lọ sí Seoul. Ẹ̀yìn gíláàsì ló jókòó sí lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga, igi wọ́wé tán nísàlẹ̀, kò gbọ́ ìró ewé kan ṣoṣo. Ó sunkún, kò sì sọ fún ẹnì kan.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ́ ló gbé. Ó kọ ebè, ó sì gbin kábéèjì tí wọ́n fi ń ṣe kimchi, ẹ̀fọ́ kíkan aláta tí wọ́n máa ń jẹ nígbà òtútù, kún ẹ̀yìnkùlé. Kábéèjì ọ̀hún kì í ṣeé kórè títí òtútù á fi dé.

Bunok, aládùúgbò rẹ̀, na ọrùn lórí ọgbà. "Ìyá Gitae, ta lẹ ń gbin gbogbo eléyìí fún? Ṣebí wọ́n ń bọ̀ wá gbé yín?"

"Kí wọ́n máa bọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè kì í rìnrìn àjò."

"Háà! Ìjà ń bọ̀ nìyẹn o."

"Ìjà wo? Èmi ni mo bí i, òun kọ́ ló bí mi."

Ní Sátidé, Gitae dé. Ó kó ẹrù ìyá rẹ̀ sínú mọ́tò. Mallye kó o jáde. Gitae tún kó o sínú mọ́tò, ìyá tún kó o jáde. Inú bí Gitae.

"Màámi, ṣé ẹ fẹ́ kí ayé máa bú mi ni? Kí wọ́n ní mo fi ìyá mi sílẹ̀ kó kú sórí òkè?"

Mallye gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó rọra lọ jókòó sáàárín ebè rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì di erùpẹ̀ mú.

"Wá fà mí tu. Bó o bá lè fà mí tu, máa gbé mi lọ."

"Màámi, ẹ kì í ṣọmọdé mọ́ o."

"Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan ò fi lè pọ̀n mí. Gitae, ilé rẹ dáa, ìyàwó rẹ ń tọ́jú mi. Ṣùgbọ́n ọdún ń yí lójú mi níbẹ̀, n ò mọ̀. Bí mo bá máa ṣubú, ilẹ̀ tó mọ̀ mí ni kí n ṣubú sí."

Gitae wọnú mọ́tò, ó ti ilẹ̀kùn, ó dorí kodò síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló kó ẹrù náà padà sí yàrá. Ó wá pákó, ó wá ìṣó, ó sì kan igi ìdìmú láti ẹnu ọ̀nà títí dé ilé ìyàgbẹ́.

"Ẹ máa di èyí mú, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́."

"Bó bá wù mí."

Gitae rẹ́rìn-ín láìfẹ́, ó sì wakọ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Mallye so ata pupa rẹ̀ ní ìdì-ìdì, ó sì sá gbogbo rẹ̀ sórí igi ìdìmú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.