Ẹyọ Ìgbálẹ̀ Kan, Láti Mòníyà dé Challenge

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Iléṣà, ẹ máa ń sọ pé àwa tí a wà n'Íbàdàn kì í rìn, pé inú mọ́tò la máa ń jókòó sí. Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe rìn lọ́jọ́ Sátidé kan títí ayé fi rú mi lójú.

Ìdájí ni mo kúrò nílé ní Mòníyà. Ìyá mi tan àtùpà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tí mo mú dání kò ju báàgì mi lọ, àti ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tí Ìyá mi fi bébà wé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìgbálẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

Ẹ mọ̀ pé Bàámi fi ọ̀pọ̀ ọdún lagi ní Bódìjà. Ariwo ẹ̀rọ ìlagi ti pa etí òsì wọn pátápátá. Ọ̀tún ló kù, òun náà kò sì gbọ́ dáadáa mọ́. Nígbà tí Délé àbúrò mi, tó wà lókè òkun, kò rójú kọ lẹ́tà, ó gba ohùn ara rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó fi ránṣẹ́. Gbogbo wa jókòó yí rédíò ká. Bàámi ni Délé kọ́kọ́ kí, ó sì pẹ́ lórí ìkíni náà, ṣùgbọ́n Bàámi kò gbọ́. Bí a bá yí ohùn rédíò sókè, ṣe ló ń fọ́. Ìyá mi pariwo sí wọn létí pé, "Ó ní òun dọ̀bálẹ̀ o!" Bàámi wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní, "Ẹ ń tàn mí ni. Ọmọ yẹn ò kí mi."

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ Délé, wọn á gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dùn mí wọra.

Mo kọ̀wé sí Délé. Ohun tó tún fi ránṣẹ́ ni ẹ̀rọ ìgbóhùn kan tí kò ní wáyà. A máa ń dé e sórí bíi fìlà, ó sì bo etí méjèèjì; àpótí funfun kékeré kan ló ń ju ohùn sí i láti orí tábìlì. Àpótí yìí ló wá ní wáyà tirẹ̀, tó yẹ kí a kì bọ ihò ara rédíò. Ẹnu wáyà náà tín-ín-rín, ihò rédíò wa àtijọ́ sì fẹ̀. Ṣe ló ń mì jọ̀gọ̀ nínú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà àgbà. Aládùúgbò wa kan ní ádápítọ̀ la máa wá, ìyẹn irin kékeré tí ń bá ẹnu wáyà àti ihò tí kò bára mu parí ìjà.

Ìyá mi ní ìyẹn ò le. Bí wọ́n ṣe ń ra bàtà fún wa ní kékeré náà ni wọ́n ṣe: wọ́n ki ẹyọ ìgbálẹ̀ bọ ihò rédíò, wọ́n ṣẹ́ ẹ ní ibi tó mọ. Mo ní kí n kúkú gbé rédíò náà lọ, tàbí àpótí funfun yẹn ó kéré tán. Wọ́n ní, "Ta ló ń gbé ọmọ lọ sọ́jà nítorí bàtà?"

Náírà mẹ́wàá ni mo wọ bọ́ọ̀sì dé Àgbowó. Ọ̀nà Ọ̀jọ́ọ̀ kún fún kòtò, mo sì di ìgbálẹ̀ mi mú kó má baà ṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ bá.

"Ẹ káàárọ̀ ma. Ṣé akọ lẹ fẹ́ ni àbí abo?"

Mo ní kó ṣàlàyé. Ó ní èyí tó yọ ẹnu síta ni akọ, èyí tó ní ihò ni abo. Mo bi í pé èwo ni tiwa.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ma."

Mo tú bébà, mo fi ìgbálẹ̀ hàn án. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀: "Guy, come see measurement o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì ta irin kan fún mi ní ọgbọ̀n náírà. Mo rò pé iṣẹ́ parí.

Ní Bódìjà, obìnrin kan tó ń ta gílóòbù àti wáyà iná ló là mí lójú nígbà tí mo fi irin náà hàn án, tí mo sì rojọ́ rédíò wa. Ó ní, "Wáyà ńlá sí ihò kékeré lèyí. Ihò ńlá, wáyà kékeré ni tiyín, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Mo ní n ò mọ̀ mọ́. Ariwo ẹ̀rọ ìlagi ń bọ̀ láti ọ̀nà ọjà pákó, mo sì rí i pé mo ti fi ọwọ́ dí etí. Ìṣẹ́jú mélòó ni mo tíì dúró? Ibẹ̀ ni Bàámi ti fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ wọn ṣiṣẹ́ kí a lè lọ síléèwé.

Mo wọ takisí lọ sí Dùgbẹ̀. Dírẹ́bà ní kí n má dààmú, pé kò sí ohun tí kò sí ní Dùgbẹ̀. Òótọ́ ló sọ, òun gan-an sì ni wàhálà ibẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa n'Íléṣà, ẹni tí kò bá ní ọjà á ní òun kò ní, á sì fà ọ́ lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní in. Ní Dùgbẹ̀, kò sẹ́ni tí kò ní. Wọ́n á ní, "Ẹ jókòó, mò ń bọ̀," wọ́n á sáré jáde. Ọkùnrin àkọ́kọ́ gbé irin olórí kan onírù méjì wá, mo ní kọ́ ni. Mo bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kejì: irin onírù méjì. Mo rìn jìnnà kí n tó wọ ẹ̀kẹta, irin onírù méjì yẹn ló tún wọlé dé, ó ti mọ̀ mí. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni gbogbo wọn ti ń lọ mú un! Mo jókòó, mo jẹ mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ tútù, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé.

Ní Ring Road, ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀bù tó tutù bíi fíríìjì bi mí pé, "Model wo ni, ma? Ẹ lọ mú manual ẹ̀ wá." Mo dúpẹ́, mo jáde.

Challenge ló kù, níbi tí mọ́tò Èkó ti ń pe èrò. Wọ́n júwe bàbá atúnrédíòṣe kan fún mi lẹ́yìn gáréèjì. Òwú ló fi so awò ojú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo rojọ́, mo sì fi ìtìjú yọ ìgbálẹ̀.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìgbálẹ̀ náà ti oríṣi irin méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kékeré kò tó o rárá, ńlá bá a dọ́gba géérégé. "Ihò tó bá fẹ̀ ló máa ń jìn," ó ní. "Ta ló wọ̀n ọ́n?"

"Ìyá mi ni, sà."

"Bá mi kí wọn. Wọ́n gbọ́n." Ó tú ike kan wò, ó yọ irin kan tó ti ń dípẹtà. "Èyí nìkan ló kù, ti rédíò ayé àtijọ́ ni. Etí kan ni yóò máa gba ohùn o."

"Etí wo, sà?"

"Òsì."

Etí tó ti kú! Mo bi í bóyá tọ̀tún wà. Ó ní wọn kì í ṣe é. Mo san ogún náírà, mo sì wọkọ̀ wálé pẹ̀lú ìbànújẹ́. N kò mọ ohun tí mo máa sọ fún wọn nílé.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ ni mo délé. Iná wà. Irin wọ ihò rédíò ṣinṣin, wáyà wọ irin. Ìyá mi bẹ Bàámi títí wọ́n fi jáde, tí wọ́n dé ẹ̀rọ náà. Mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì.

"Kò sọ nǹkan kan," wọ́n ní.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo pariwo pé, "Tòsì nìkan ló ń sọ̀rọ̀, Bàámi! Ẹ má bínú!"

Bàámi wò mí bí ẹni pé èmi ni adití. Wọ́n ṣí i lórí, wọ́n yí i padà bí wọ́n ṣe máa ń yí pákó tí kò bá wọlé, wọ́n tún un dé: tòsì bọ́ sí etí ọ̀tún. Láti Challenge títí dé Mòníyà, ìyẹn ò wá sí mi lọ́kàn! Ohun tí ìrìn náà kọ́ mi nìyẹn: mo wá ọgbọ́n yí gbogbo Ìbàdàn po, ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó méjì tí mo fi sílé ló wà.

Mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Àwa kò gbọ́ nǹkan kan, nítorí irin náà ti pa rédíò lẹ́nu mọ́. Ìyá mi fẹ́ pariwo bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ń gbọ́. Bàámi gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dákẹ́."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rédíò, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

"Dìde," wọ́n ní. "Dìde nílẹ̀, Délé. Ó tó, ọmọ mi, dìde."