Bọ̀ọ̀dá Ráfíù, Ẹni Tó Ń Wá Àfọ́kù Ìràwọ̀

Ó wá dìgbà wo, Bọ̀ọ̀dá Ráfíù, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá wa bí? Ó dìgbà wo, wẹ́dà tí irin tó bá jó pọ̀ kì í tú mọ́, onísùúrù èèyàn?

Irin ni gbogbo Sàngó Ọ̀tà mọ̀ yín mọ́. Èmi Múlí, àbúrò yín, ìràwọ̀ ni mo mọ̀ yín mọ́. Bí ẹ bá ti jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, ẹ ó ṣí àwòrán tí àwọn onímọ̀ sánmà gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé kí ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn wá àfọ́kù ìràwọ̀ tó ti bú gbàmù nínú agbo ìràwọ̀ mìíràn, tó jìnnà sí tiwa. Àwòrán méjì ni, ibì kan náà, gíláàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi yà á. Ẹ ní bíi gíláàsì dúdú tí ẹ fi ń jó irin ni, tó ń dí ìmọ́lẹ̀ yòókù. Bí ibì kan bá mọ́lẹ̀ nínú ọ̀kan ṣoṣo, ìràwọ̀ tuntun ló ń jáde níbẹ̀. Bí ó bá mọ́lẹ̀ nínú méjèèjì, àfọ́kù nìyẹn.

Màámi a máa ní, "Ráfíù, ṣé ìràwọ̀ lo máa fẹ́ ni?" Ẹ ó ní, "Màámi, èyí tí kò ní bá yín jà ni mo ń wá."

Ẹ kì í sàmì sí ibì kankan láìpè mí. "Múlí, má sọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́. Ohun tí o rí ni kí o sọ."

Lọ́jọ́ tí ọ̀kadà gbé yín ṣubú, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Agbára, níbi tí wọ́n ti ń gba fóònù wa lẹ́nu géètì. Ìgbà tí mo gba tèmi padà ni mo gbọ́. Kí n tó dé Ọ̀tà, wọ́n ti kírun sí yín lára, wọ́n ti sin yín. Iyẹ̀pẹ̀ tútù ni mo bá. Ẹ ti sọ fún mi rí pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ máa ń pẹ́ lọ́nà, pé ohun tí a ń rí ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́. N kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni n ó ṣe gbọ́ ikú yín.

Àwòrán tí ẹ ṣí kẹ́yìn ṣì wà lórí fóònù yín. Mo ti wò ó. Ibì kan wà lápá òsì, létí. Ó mọ́lẹ̀ nínú méjèèjì, Bọ̀ọ̀dá mi. Ohun tí mo rí ni mo sọ. Ṣùgbọ́n àwa méjì la jọ máa ń wò ó kí a tó sàmì, n kò sì mọ ẹni tí n ó pè.

Kí Ọlọ́hun fẹ sàárè yín. N kò tíì sàmì sí i.

Ẹ sùn re o.