Géètì Ọgọ́rùn-ún Ọdún

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo máa ń ru àpótí ìjókòó mi lọ sílé ìwé láàárọ̀, tí n óò tún rù ú bọ̀ lọ́sàn-án, ilé gígùn kan ṣoṣo tí wọ́n fi amọ̀ mọ ni ilé ìwé abúlé wa, níwájú díẹ̀ sí Òkè-Ògbó. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ò ní ṣàì rántí irú rẹ̀. Àwa obìnrin là ń fi ẹlẹ́bọ́tọ, ìgbẹ́ màlúù, pa ilẹ̀ kíláàsì lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ọkùnrin a sì máa bẹ́ koríko. Tó bá di àkókò ìsinmi, a óò sáré bá ìyá ẹlẹ́wà lábẹ́ igi ọsàn, a óò sì lá ewé gbòdògí tó fi pọ́n ẹ̀wà fún wa títí ewé náà yóò fi máa dán. Ẹni tó bá pariwo ní kíláàsì, ìta ni yóò kúnlẹ̀ sí, lórí òkúta wẹ́wẹ́, apá méjèèjì lókè. Mo mọ àwọn òkúta yẹn dáadáa.

Ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta ni ìjì ká òrùlé wa. À ń ka ìsọdipúpọ̀ lọ́wọ́, a ti dé orí méje, la bá rí páànù tó gbéra, tó ń fò lọ sínú oko kòkó. Gbogbo wa dákẹ́. Ọ̀gá àgbà wa gbójú sókè, òjò ń kán sí i nímú, ó ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ dákẹ́? Méje lọ́nà mẹ́jọ ńkọ́?" A sì kà á parí nínú òjò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn bàbá wa pa oko tì, wọ́n lọ ṣa páànù nínú oko kòkó, wọ́n nà án, wọ́n gun orí ilé lọ kàn án padà. Àwọn ìyá wa gbé iṣu sísè àti epo wá. Bàbá mi já bọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́, ó sì fi títiro yangàn fún oṣù kan gbáko. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, abẹ́ òrùlé la wà. N kò rántí pé ẹnikẹ́ni pe ìpàdé.

Ní báyìí, ilé ìwé náà ti fẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ìpàdé la sì ń ṣe. Orí fóònù ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ti kóra jọ. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi kí ara wa. Lẹ́yìn náà la yan ìgbìmọ̀ ayẹyẹ. Olóyè Fáladé, tó ń ṣòwò ní Èkó, di alága nítorí pé ó ní pálọ̀ tó gbà wá nílé rẹ̀ ní Ìlárè. Èmi, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, di akọ̀wé nítorí pé èmi nìkan ni mo mú bírò wá.

Ìyáàfin Oyèyẹmí, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ìwé náà lónìí, gun ọ̀kadà wá sí ìpàdé àkọ́kọ́. Ó dìde, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, òrùlé kíláàsì kẹta ń jò. Bí òjò bá ti ṣú, ṣe la máa ń kó àwọn ọmọ náà mọ́ kíláàsì kẹrin."

Olóyè rẹ́rìn-ín músẹ́. "A gbọ́ yín, Ìyáàfin. Ṣùgbọ́n ta ló ń ya fọ́tò òrùlé? Géètì la máa kọ́; òun ni àlejò máa kọ́kọ́ rí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí n má parọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́. Ìpàdé mẹ́ta la fi jiyàn lórí bí orúkọ àwa ìgbìmọ̀ yóò ṣe tẹ̀lé ara wọn lára géètì. Nígbà tí ẹnìkan ní ká tò ó bí a ṣe dàgbà jura wa lọ, àwa tí a ti ń bu ọjọ́ orí wa kù látọjọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà lójijì. Bí Ìyáàfin Oyèyẹmí bá sì ti na ọwọ́, Olóyè á ní kí n kọ tiẹ̀ sábẹ́ "ọ̀rọ̀ mìíràn". Mo ń kọ ọ́. Àkókò kì í sì í tó kan ọ̀rọ̀ mìíràn.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n rán mi lọ wọn ibi tí géètì yóò dúró. Bí mo ṣe ń na okùn lọ́wọ́ ni òjò dé. Mo sá wọ kíláàsì kẹrin, mo bá kíláàsì méjì níbẹ̀, wọ́n há mọ́ra wọn. Àwọn kan ń ṣe ìṣirò, àwọn kan ń ka ìtàn Odùduwà, tíṣà méjì sì ń pariwo lé ara wọn lórí. Ìyáàfin Oyèyẹmí ò sọ̀rọ̀ òrùlé sí mi rárá. Ó kàn gbé àga tirẹ̀ fún mi. Ojú tì mí débi pé n kò lè jókòó.

Láti ibẹ̀, mo lọ bá Ràṣídì, kápẹ́ńtà tí a jọ wà ní kíláàsì kan náà, tí ìgbìmọ̀ ò rántí pè, mo sì sọ ọ̀rọ̀ òrùlé náà fún un.

"Bọ́sẹ̀, ṣé ẹ ti dìbò lórí rẹ̀?" ó bi mí.

"Rárá o. Mú àkàbà."

Lọ́jọ́ Sátidé, ó kó páànù tó tú lára ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àtijọ́ wá. Èmi ni mo di àkàbà mú, Ìyáàfin Oyèyẹmí ń na ìṣó sí i. Kó tó di ọ̀sán, ó ti parí. Nígbà tí Olóyè gbọ́, ó pè mí lórí fóònù pẹ̀lú ìbínú: "Ta ló fún yín láṣẹ?" Mo bẹ̀ ẹ́ títí, inú rẹ̀ rọ̀. "Ó dáa. Ẹ sọ fún kápẹ́ńtà náà kó kọ orúkọ ìgbìmọ̀ sára páànù náà." Ràṣídì ní òun ò mọ̀wé kọ mọ́.

Géètì náà ti dúró báyìí. Ó ga, ó ń dán, ọ̀dà aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi kọ orúkọ wa. Ògiri ni kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lọ́tùn-ún tàbí lósì. Olóyè ní ìyẹn di ìgbà tí a bá pé àádọ́jọ ọdún. Wọ́n sì tì í pa títí di ọjọ́ ayẹyẹ kí ọ̀dà rẹ̀ má baà ha, kọ́kọ́rọ́ wà ní Èkó. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró, mò ń kanlẹ̀kùn. Ìyáàfin Oyèyẹmí juwọ́ sí mi láti inú ọgbà.

"Mà, ẹ gba ẹ̀gbẹ́!"

Láyé ìgbà tiwa, a ò ní géètì, iwájú la sì ń gbà wọlé. Ẹni tó bá pẹ́ dé nìkan ló máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́, kí ọ̀gá àgbà má baà rí i. Lónìí, géètì ti wà, gbogbo ilé ìwé ló ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ọ̀gá àgbà ló sì ń ṣáájú wọn.